Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Lámì

Ní ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí, Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè mí. Mi ò bínú sí i, torí ẹnu ara mi ni mo fi wá a. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá, kò sì sí kíláàsì tuntun tí mo wọ̀ rí tí mi ò kọ́kọ́ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó. N ó ní kí ẹnì kan dìde kà wọ́n. Bí ọmọ bá ṣi ohùn gbé pẹ́nrẹ́n, ó ti bọ́ sọ́wọ́ mi nìyẹn. "Bàbá rẹ gbé ọkọ lé èjìká lọ sóko? Ọkọ ta ni?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà á máa họ orí, kò sì ní ṣi ọ̀rọ̀ náà pè mọ́ títí ayé rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé ẹ̀rín ń kọ́ ọmọ ju ẹgba lọ.

Mo fẹ́ràn ẹ̀rín náà. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ó má baà dà bí ẹni pé iṣẹ́ nìkan ló gbé mi dé ibi tí mo bá ara mi. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú bíi kí ọgọ́ta ọmọ máa di ìhà mú nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde. Nílé, ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ilé-ìwé ni mo ti ń rí ẹni gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, eré onítàn tí mo kà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ku ọdún kan kí wọ́n jáde jẹ́ eré àtijọ́, irú èyí tí àwọn tó kọ́ wa náà kà, tí wọ́n ti ṣe lórí ìtàgé káàkiri kí wọ́n tó bí wa, tó sì ń parí sí ẹkún. Olóyè ogun kan bá àbúrò rẹ̀ jà nítorí ilẹ̀. Inú bí i, ó dúró níwájú gbogbo ìlú, ó búra pé bí ẹsẹ̀ àbúrò òun bá tún tẹ ìloro òun, òun fúnra òun kò ní rí oòrùn ọjọ́ kejì. Kò pẹ́, àìsàn kọ lu ọmọ kan ṣoṣo tí olóyè bí. Àbúrò yìí nìkan ló mọ ewé tó lè wò ó, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Olóyè kò ṣílẹ̀kùn. Ọmọ kú. Ìgbà tí ọmọ kú tán ni olóyè wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó fa àbúrò rẹ̀ wọlé kí wọ́n jọ sin òkú. Òun náà kò sì rí oòrùn ọjọ́ kejì.

Mo ti kọ́ eré yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì lè ka ibi tí olóyè ti ń ṣílẹ̀kùn yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà rí. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé mo ń wá ojú ìwé.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yẹn tó wá láti Àgọ́-Àrẹ. Ọ̀dọ̀ ìbátan kan ló ń gbé ní Ṣakí, á lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì, á padà lọ́jọ́ Ajé, ó sì sábà máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé náà, pẹ̀lú eruku pupa títí dé orúnkún. Ẹ̀yìn ló ń jókòó. Kì í nawọ́ sókè, kì í rojọ́, kì í bá àwọn tó kù rẹ́rìn-ín débi tí n ó fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi ti fi í sí ibi kan nínú ọkàn mi, láàárín àwọn ọmọ tí a kàn ń kà kún iye. Kò sí ohun tó ṣe fún mi tí mo fi fi í síbẹ̀. Mo kàn wò ó ni, mo sì gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ̀ ti wá bá wa ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì. Àgbẹ̀ ni, ọkùnrin gíga kan tí apá rẹ̀ le bí igi. Ó wọ yàrá àwọn olùkọ́, ó ṣí fìlà, a ní kó jókòó, ó ní òun kò jókòó.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé-ìwé, oyún ló gbé wálé. Láti ìgbà náà ni ẹbí ti ń bá mi jà pé kí n yọ èyí kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìgbòho ní òun ń fẹ́ ẹ lọ́dọ̀, kó wá máa kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kó sì máa bá òun jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà wá pọ̀ lápọ̀jù. Mo bá dìde láàárín ìjọ, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mo ní bí eléyìí bá ń yege, kò sẹ́ni tí yóò yọ ọ́, n ó rán an dé ibi tó bá lè dé. Ṣùgbọ́n bó bá féèlì ìdánwò kan, ẹyọ kan péré, ó parí, Ìgbòho ló ń lọ. Gbogbo wọn ló gbọ́. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ bá mi fojú sí i lára."

Olùkọ́ ìṣirò ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ́ yín yìí mà le o."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí kò bá le, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

Ojú mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà. Bó bá ṣe pé ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà ni, ì bá sàn.

Nígbà tí ìdánwò òpin táàmù dé, mo kọ ìbéèrè mi, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń bá wa tẹ̀wé lẹ́bàá ọjà. Ó ní ẹ̀rọ òun mọ àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ fi sí i, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ti orí sí i. Ká ní ọmọ kíláàsì mi ló sọ bẹ́ẹ̀, n ó fi ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àkókò ti ń lọ, oòrùn ń ta, mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè Ìyá Alámì ṣe jáde láìlámì nìyẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn, tó ní máàkì mẹ́wàá, kà báyìí: *Ki ni o pa oloye yii? Fi ọrọ ara rẹ dahun.*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máàkì wọn, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Ìbúra ló pa á. Ìgbéraga ló pa á. Ìbínú ló pa á. Ohun tí mo kọ sójú pátákó ni wọ́n ń kó padà fún mi. Ìbúra ni ìwé eré náà ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbúra ni èmi náà ń lò, ìbúra ni mo sì kọ sínú ìwé tí mo fi ń máàkì. Ó ti sú mi. Mo ti ń wá ẹni tó máa kọ ìsọkúsọ kan tí n ó lè fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé.

Ni mo bá kan ìwé ọmọ Àgọ́-Àrẹ. Ó kọ ọ́ báyìí, láìlámì lórí:

*Ẹjẹ lo pa a. Oun funra rẹ lo bi i, oun lo tọ ọ. Igba to dagba tan lo pa baba rẹ.*

Mo kà á ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ara. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwàdà ti dé ẹnu mi kí n tó ka gbólóhùn kejì tán, mo sì ń fi ẹ̀rín ka ẹ̀kẹta. Mo fi bírò pupa fa òdo ńlá kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fi ìwé náà sí apá ọ̀tọ̀ kí n má baà wá a tì lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí mo ro máàkì rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ogójì la fi ń yege. Mo rí i. Mo rántí bàbá rẹ̀ pàápàá. Mo ní ó mà ṣe o, mo sì mú ìwé tó kàn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pín ìwé, mo dá ti ọmọ náà dúró sọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Ẹnì kan wà níbí tó ti ṣèwádìí ikú olóyè wa. A ti ń pariwo ìbúra, a ti ń pariwo ìgbéraga, a ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ló pa á!" Mo tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀ dáadáa. "Ẹ̀jẹ̀ ríru! Ká ní olóyè tètè lọ sí ọsibítù, ká ní ó jẹun níwọ̀n, eré yìí ì bá má parí sí ẹkún." Wọ́n ti ń yí. Mo wá ka ìyókù: òun ló bí ẹ̀jẹ̀, òun ló tọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ta ló ń bá a pọn ẹ̀jẹ̀ bó bá ti ń sunkún?" Àwọn kan ń lu tábìlì. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo kàn rìn lọ sẹ́yìn, mo sì gbé ìwé náà lé tábìlì rẹ̀. Kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi, wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Bí-Pí.

Ọmọ náà wo ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó dà bí ẹni pé ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo kà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Olùkọ́ ìṣirò wà níbẹ̀, ìyáàfin tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ọ̀gbìn wà níbẹ̀, àwọn méjì mìíràn náà wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ ríru náà fún wọn tán ni, omijé ẹ̀rín ṣì wà lójú wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀jẹ́ ni mo kọ mà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

Ó sọ ohùn méjèèjì láìṣì, kedere bí èmi gan-an ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀jẹ́ ló pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló bí i, òun ló tọ́ ọ. Ìgbà tó dàgbà tán ló pa bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè yẹn, kò sí èyí tó tíì dáhùn rẹ̀ báyẹn rí. Èmi olùkọ́ kò lè dáhùn rẹ̀ báyẹn. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn dáhùn, òun nìkan ló ṣe ohun tí mo wí, ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin ń wò mí, ẹ̀rín tí mo fún wọn kò sì tíì gbẹ lójú wọn.

Mo ní, "Àmì dà?"

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ni mo ti ń kọ́ yín láti ìgbà yìí wá? Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, báwo ni n ó ṣe mọ ohun tó ní nínú? Ṣé n ó wọ inú rẹ lọ wò ó ni?"

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, láìgbójú sókè. "Ìbéèrè náà kò ní àmì, mà."

Olùkọ́ ìṣirò húkọ́. Ìyáàfin ọ̀gbìn tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Inú bí mi, irú ìbínú tó máa ń bí èèyàn nígbà tí òótọ́ bá bá a lójijì. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo pè é ní aláfojúdi, mo ní ẹnu ló mú wá láti oko, kì í ṣe ìwé, mo ní kó dìde níwájú mi. Ó dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì jáde. Òun ló bẹ̀ mí.

Ilé-ìwé gba ìsinmi. Mo sọ fún ara mi pé bí a bá wọlé, n ó tún un ṣe. A wọlé, àga ẹ̀yìn ṣófo. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ó ṣófo. Mo bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní, "Bí-Pí? Wọ́n ní ó ń lọ Ìgbòho, mà." Ó sọ orúkọ náà láìfi ṣẹ̀sín, bí ẹni pé ohun tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Èmi sì ni mo sọ ọ́.

Mo tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ pé àṣìṣe wà nínú máàkì ọmọ kan. Kò béèrè púpọ̀, ó ní kí n tún un kọ. Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ di mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo ká ìwé èsì tuntun náà sínú báàgì, mo wọ mọ́tò lọ sí Àgọ́-Àrẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Bàbá náà wà níwájú ilé, ó ń ṣa irúgbìn àgbàdo sínú igbá. Nígbà tó rí mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Ọmọ náà ló gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó kí mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa. Wọn kò tíì mú un lọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àǹtí rẹ̀ ará Ìgbòho ní òun ń bọ̀ wá mú un.

Mo ní àṣìṣe ti wáyé, pé ọmọ náà yege. Mo na ìwé èsì sí i. Kò gbà á. Ó ń wo àgbàdo inú igbá rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, ìyá wa. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹnu mi ni mo fi jẹ́ ẹ, láàárín ìjọ. Bí mo bá kàn dá ọmọ dúró báyìí, tí mo ní tíṣà wá bá mi nílé, wọ́n á ní ọ̀nà àbáyọ ni mò ń wá. Wọ́n á ní mò ń fi Ọlọ́run ṣeré. Ibi tí a ti dì í la ti ń tú u. Bí ẹ bá lè bá mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹbí gbọ́, kí pásítọ̀ gbọ́, ìyẹn tán. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá kò ní lè sọ̀rọ̀."

Mo ní n ó wá. Kò béèrè irú àṣìṣe tó jẹ́.

Ọmọ náà sìn mí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà wà. A rìn díẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. Mo ní kó má bínú sí mi, mo ní ohun tí mo ṣe kò dára. Ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ló dúró.

"Mà, ṣé ẹ ó sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ́ ni mo kọ?"

Mo ní, "N ó sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni n ó sọ."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rí eyín ọmọ náà rí tẹ́lẹ̀.

Mo kọ ohun tí n ó sọ sínú ìwé pélébé kan, mo fi gbogbo àmì sí i. *Mo ṣi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, òun ló dáhùn dára jù. Mo fi ṣẹ̀sín níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì wá ṣàlàyé fún mi, mo lé e.* Gbólóhùn mẹ́ta. Mo kà á fún ọkọ mi, ó ní ó dára, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo èèyàn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò tóbi. A parí ìwàásù, pásítọ̀ ní àlejò kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ẹ̀jẹ́ bàbá yìí. Mo ń dìde lọ síwájú ni obìnrin kan fò dìde láàárín àwọn akọrin, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó ń ju ọwọ́. Mo ti kọ́ ọ rí, ó ti tó ọdún méjìlá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan, Pásítọ̀! Ìyá wa rèé o! Àwọn ló kọ́ mi ní Yorùbá tí mo fi ń ka Bíbélì fún yín báyìí. Ìyá Alámì! Wọn kì í ṣi ọ̀rọ̀ kà láéláé!" Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọdé yọrùn láti wò mí.

Ìwé pélébé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ká a kéré sí i. Bàbá náà jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìgbòho, ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbójú sókè sí mi, ó ń retí.

Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi o. Ọmọ yìí yege. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ro máàkì pọ̀ nílé-ìwé wa ló ṣe àṣìṣe. A ti tún un ṣe."

Ó rọrùn. Ó jáde lẹ́nu mi bí omi. Àwọn èèyàn kùn, "Áà, kọ̀ǹpútà!" Ẹnì kan ní òun ti wí pé nǹkan náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀rín díẹ̀ sọ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ó ní ká dúró ná. Ó ní ọmọ fúnra rẹ̀ ti sọ nílé, nígbà tí èsì kọ́kọ́ jáde, pé tíṣà òun ló ṣi ọ̀rọ̀ òun kà. Ó ní èwo ni ká gbọ́, ti kọ̀ǹpútà ni àbí ti tíṣà?

Pásítọ̀ yíjú sí ọmọ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. O gbọ́ ohun tí tíṣà rẹ sọ. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ó dìde. Ó wò mí. N kò lè sọ pé n kò rójú rẹ̀. Ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀ fún mi, ó ṣí gbayawu. Gbólóhùn kan péré ni ì bá jẹ́, kí n ní rárá, mo purọ́, ọmọ ló tọ̀nà. Mo ká ìwé pélébé náà títí kò fi ṣeé ká mọ́. Ó rí i pé n kò ní sọ ọ́. Ó rí i kí èmi tó rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ọmọ náà wí. "Kọ̀ǹpútà ni. Èmi ni mo purọ́ mọ́ tíṣà."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pòṣé, ó ní ọmọ ìsinsìnyí, ẹnu wọn kò ní ìjánu. Pásítọ̀ bá a wí díẹ̀ pé kò dára kéèyàn máa ba àgbà lórúkọ jẹ́, ó ní kó bẹ̀ mí. Ó wá síwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀ mí lójú gbogbo ìjọ. Ìgbà kejì nìyẹn. Mo ní kò burú, mo ti dárí jì í. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ dìde, fìlà lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ẹ̀jẹ́ ti tú, ọmọ òun ń padà sílé-ìwé lọ́la. Ó ní tíṣà mélòó ló máa wọ mọ́tò láti Ṣakí nítorí ọmọ àgbẹ̀? Ó ní kí ìjọ bá òun ṣe àmín. Ó ní, "Ìyá wa, bí ẹ kò ṣe jẹ́ kí ojú ti ọmọ mi yìí, ojú kò ní ti ẹ̀yin náà láéláé."

Gbogbo ìjọ ní àmín. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ àmín tirẹ̀, mo sì ní àmín.